Asẹ́ amọ̀ tó ń fọ ara rẹ̀: bí ẹ ṣe lè ṣe é fún omi ní Abẹ́òkúta

Gbogbo asẹ́ ló ń dí. Èyí tí ihò rẹ̀ kéré tó láti dá kòkòrò àìfojúrí dúró ló máa ń yára dí jù, torí pé ohun tó dá dúró kì í kúrò níwájú rẹ̀. Ó ń tò jọ, ó ń yọ̀ bí ewédú, omi yóò sì máa kán tó tó tó títí ẹ ó fi tú asẹ́ náà, tí ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn náà ló ń jẹ ojú asẹ́ tán.

Asẹ́ tó ń fọ ara rẹ̀ jẹ́ àwo amọ̀ oníhò wẹ́wẹ́ tí a fi titanium dioxide, tí a óò máa pè ní TiO2, bò lójú ní ìpele tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú kò rí, èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò tó 388 nm (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà). Bí ó bá bà lé TiO2, omi àti afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ á di èròjà oníjà tó ń jó ohunkóhun tó bá ti ara ẹ̀dá wá: ọ̀rá, àwọ̀ aró, òkú kòkòrò, ìyọ̀ tó ń dí ihò. Akira Fujishima àti Kenichi Honda ní Japan ló kọ ọ́ jáde ní 1972 pé TiO2 tí ìmọ́lẹ̀ bà lé lè pín omi níyà. Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan ní Japan tún kọ ọ́ jáde pé omi kì í ṣù jọ sójú TiO2 tí ìmọ́lẹ̀ ti bà. Ṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń wọ abẹ́ ọ̀rá, tó sì ń gbé e kúrò.

Ẹ mọ ohun tí kò lè ṣe kí ẹ tó náwó. Kò lè jó ẹrẹ̀. Kò lè jó ìpẹtà tó ń bá omi kànga jáde, tàbí ẹfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Kò sì lè ṣe ohunkóhun níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Bí Odò Ògùn bá kún tó sì pọ́n lásìkò òjò, ìtànṣán yẹn kì í wọ inú omi rẹ̀ jìn rárá. Nítorí náà, láti orí bí àwo ṣe máa tẹ́ títí dé orí gíláàsì tó máa bò ó, ìbéèrè kan ni ẹ ó máa bi ara yín: ṣé ìmọ́lẹ̀ á dé ibi tí ìdọ̀tí wà?

Amọ̀, èèpo ìrẹsì àti sítáàṣì

Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ṣaláìní amọ̀ funfun, ìyẹn kaolin: Ìmẹ̀kọ ní in, Oníbodè náà ní in. Bó ṣe ń ti ilẹ̀ wá, yanrìn àti gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ 1 kg sínú omi lítà 10, ẹ fi sodium silicate 3 g sí i kí àwọn hóró amọ̀ má baà so mọ́ra, kí ẹ sì jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ rò ó dáadáa, ẹ dà á gba inú ajọ̀ 75 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi rẹ̀ jìn ní 25 cm, ohun tó bá ju 20 µm lọ á ti rì. Ẹ rọra da omi amọ̀ tó wà lókè sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ da yanrìn ìsàlẹ̀ nù.

Ẹ tún un rò, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ wá fi rọ́bà tín-ín-rín fa 10 cm tó wà lókè pátápátá. Nínú omi tó móoru tó 30°C, hóró tó bá ṣì wà nínú 10 cm yẹn kò ju 2 µm lọ. Òun ni a óò fi ṣe ìpele àárín, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ẹ kán fíníígà díẹ̀ sínú èyí tó kù kó lè tètè sílẹ̀, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ gún un kúnná. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń gún un, kí ó jẹ́ ìbòmú N95, kì í ṣe aṣọ lásán. Eruku silica, èròjà inú yanrìn, máa ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í san.

Kaolin nìkan nílò iná tó pọ̀ kó tó le. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi amọ̀ pupa tí àwọn amọ̀kòkò ń lò kún un: irin àti àwọn iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ́ kí hóró amọ̀ lẹ̀ mọ́ra ní ooru tó kéré. Amọ̀ pupa kò dọ́gba láti ibì kan sí òmíràn, nítorí náà ibi kan náà ni kí ẹ ti máa bu u.

Ihò ló kù. Èèpo ìrẹsì Ọ̀fàdà kò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń bó ìrẹsì. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ ọ́ gba inú ajọ̀ 75 µm. Bó bá jóná nínú amọ̀, ihò ni àyè rẹ̀ á dà, bíi ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ á sì ṣẹ́kù ní eérú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ silica látòkè délẹ̀. Sítáàṣì gbágùúdá ni èkejì rẹ̀: hóró rẹ̀ rí roboto, ó wà láàárín 5 sí 25 µm, ihò tó ń fi sílẹ̀ sì dọ́gba ju ti èèpo lọ. Ẹ má fi láfún tí àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ń sè rọ́pò rẹ̀. Okùn gbágùúdá ṣì wà nínú láfún, okùn tó bá jóná á sì fi ihò gígùn sílẹ̀ bí ọ̀nà èkúté, kòkòrò á gba ibẹ̀ kọjá.

Fún àwo 20, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 47 mm tí ó sì nípọn tó bíi 5 mm:

kaolin tí a ti fọ̀, 165 g
amọ̀ pupa, tí a jọ̀ gba inú ajọ̀ 75 µm, 60 g
sítáàṣì gbágùúdá, 45 g
èèpo ìrẹsì lílọ̀, 30 g

Nínú sítáàṣì 45 g yẹn, ẹ yọ 3 g, ẹ fi omi 27 mL sè é di ẹ̀kọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ po gbogbo gbígbẹ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ máa ta ẹ̀kọ náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ rún un gba inú ajọ̀ 0.5 mm. Ó gbọ́dọ̀ rí bíi gàrí tó tutù díẹ̀: bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì, bí ẹ bá fi ìka kàn án, kó tú. Ẹ dì í sínú ọ̀rá fún òru kan kí omi lè kárí.

Títẹ̀

Ẹ wọn 15 g fún àwo kan. Ẹni tó ń fi léèdì (lathe) gbẹ́ irin ló máa ṣe mọ́ọ̀dù fún yín, kì í ṣe wẹ́dà: àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá àti ihò mọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ ju 0.1 mm lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ amọ̀ á máa há síbẹ̀, etí àwo á sì máa fọ́. Agbára tí a fẹ́ ni 20 MPa. Lórí àwo 47 mm, èyí jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, jáàkì tọ́ọ̀nù 10 tó ní géèjì sì kápá rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú pé kí ẹ kúkú ṣe àwo ńlá kan ṣoṣo, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: àwo 150 mm nílò tọ́ọ̀nù 36, bó bá sì sán nínú iná, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àwo kéékèèké 20 ló sàn jù.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé tọ́ọ̀nù kan, ẹ tú u sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dé 3.5. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rọra tú u. Bí àwo bá ń là ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀ tàbí ẹ sáré tú jáàkì. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù, omi ti pọ̀ jù, tàbí kí ẹ fi epo díẹ̀ pa ojú irin náà.

Ẹ gbẹ ẹ́ sí ibòji fún wákàtí 24, tàbí 48 lásìkò òjò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sínú ooru 110°C fún wákàtí 3. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ á di èéfín nínú ààrò, á sì fọ́ ọ.

Sísun: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Ẹ̀ẹ̀mejì la ń sun ún. Àkọ́kọ́ kò ju 900°C lọ:

láti ooru yàrá dé 200°C, 2°C ní ìṣẹ́jú kan
200 dé 500°C, 1°C ní ìṣẹ́jú kan, kí ihò ààrò ṣí sílẹ̀
ẹ dúró ní 500°C fún wákàtí kan
500 dé 600°C, 1°C ní ìṣẹ́jú kan
600 dé 900°C, 3°C ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún wákàtí kan

Ó tó bíi wákàtí 12 kí ààrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Àárín 200 sí 500°C ni sítáàṣì àti èèpo ti ń jóná. Bí ẹ bá sáré níbẹ̀, tàbí tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, èédú á há sí àárín àwo. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan wò: bí àárín rẹ̀ bá dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìyẹn ló ṣẹlẹ̀, ihò ibẹ̀ sì ti dí. Láàárín 450 sí 600°C ni omi tó wà nínú ara kaolin fúnra rẹ̀ ń jáde, ìyẹn bíi 14% ìwọ̀n rẹ̀. Ní 573°C, yanrìn tó bá ṣẹ́kù máa ń wú lójijì nígbà tí iná ń gòkè, á sì sún kì lójijì nígbà tó bá ń tutù. Nítorí náà ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ààrò kó tó wálẹ̀ dáadáa kọjá 500°C. Ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín àwo kọjá, tí ń dún gbì nígbà tí ẹ bá fi èékánná kàn án dípò kó dún bí agogo, látibẹ̀ ló ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ NEPA wá ńkọ́? Bí iná bá lọ nígbà tí ààrò ti kọjá 600°C, kò sí ewu: ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Bó bá lọ láàárín 200 sí 500°C tó sì pẹ́, èédú á kù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè jó o dànù bí ẹ bá tún un gbé gòkè jẹ́jẹ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé ààrò oníná. Ẹni tó bá ní ààrò onígáàsì tó ní géèjì ooru tó ṣeé gbára lé ló ní ìfọ̀kànbalẹ̀ jù. Ẹ má fi ojú wo àwọ̀ iná: láàárín 1,000 àti 1,100°C, ojú lè tan yín, 50°C sì tó láti pa ihò dé.

Ìpele àárín

Ihò àwo tó ti inú iná àkọ́kọ́ jáde tóbi jù fún TiO2: bí ẹ bá da TiO2 sí i lójú báyìí, á rì wọnú rẹ̀ lọ síbi tí oòrùn kò ní dé. Kaolin tó wẹ́ ju 2 µm lọ, tí a tọ́jú lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ló dé yìí. Ẹ gbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ lè mọ ìwọ̀n amọ̀ inú omi náà, kí ẹ wá ṣètò rẹ̀ sí 5%: amọ̀ 5 g nínú 100 g.

Ẹ fi téèpù bébà bo ẹ̀yìn àti etí àwo. Ẹ gbá ojú rẹ̀ mọ́, ẹ dojú rẹ̀ kọ omi amọ̀ náà fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Àwo gbígbẹ á fa omi mu, amọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele náà á nípọn jù, á sì sán bí ìdí adágún lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbẹ ẹ́ sí ibòji, ẹ yọ téèpù, kí ẹ sun ún lẹ́ẹ̀kejì: 3°C ní ìṣẹ́jú kan dé 1,050°C, ẹ dúró fún wákàtí 2. Ìdí tí a kò fi sun àwo dé 1,050 látìbẹ̀rẹ̀ nìyí: àwo tó bá ti sún kì tán kò ní bá ìpele tuntun sún kì mọ́, ìpele náà á ya bí aṣọ tó kéré jù.

Kí ẹ lè mọ bí ihò inú àwo ti pọ̀ tó, ẹ wọn àwo gbígbẹ, ẹ sè é nínú omi fún wákàtí 2, ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe so kọ́ sínú omi, lẹ́yìn náà kí ẹ nù ún, kí ẹ tún un wọ̀n nínú afẹ́fẹ́. Ẹ yọ ìwọ̀n gbígbẹ kúrò nínú ìwọ̀n tútù, ẹ fi ìwọ̀n tútù tí a ti yọ ìwọ̀n inú omi kúrò nínú rẹ̀ pín in. Bó bá wà láàárín 35 sí 45%, ó dára. Bó bá ju 50% lọ, àwo náà kò ní lágbára, ẹ dín sítáàṣì kù. Bó bá kéré sí 30%, iná ti pọ̀ jù tàbí amọ̀ pupa náà pọ̀ jù.

Ìpele TiO2

TiO2 kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni anatase. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ilé jẹ́ rutile tí a ti fi silica tàbí alumina wé lára kí ó má baà jó ọ̀dà náà, ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. P25 ni kí ẹ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà: bíi 80% rẹ̀ jẹ́ anatase, hóró rẹ̀ sì jẹ́ bíi 21 nm.

P25 nìkan kò ní lẹ̀ mọ́ amọ̀, omi á ṣàn án lọ. Ohun tí a fi ń so ó mọ́ra ni sol, ìyẹn omi tí hóró tó wẹ́ gan-an wà nínú rẹ̀, tí a ṣe láti inú titanium isopropoxide, èyí tí ọ̀tá rẹ̀ jẹ́ omi, pàápàá omi inú afẹ́fẹ́. Ní Abẹ́òkúta lásìkò òjò, bí ẹ bá ṣí ìgò rẹ̀, kí ẹ tó dé e, ó ti ń funfun lọ́rùn. Ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀. Bí kò bá ṣe é ṣe, ẹ ṣe é nínú yàrá tó ní AC tí a ti tì, kí ẹ lo sírínjì gbígbẹ láti fa á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí iná kankan má sí nítòsí: etánọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ da etánọ́ọ̀lù pọ́nńbélé 80 mL sínú ìgò gbígbẹ. Ẹ fi acetylacetone 5.2 mL sí i, lẹ́yìn náà titanium isopropoxide 15 mL, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 30. Á pọ́n bí epo ẹ̀pà, kó sì mọ́ gaara. Nínú ìgò kejì, ẹ po etánọ́ọ̀lù 20 mL, omi distilled 1.8 mL àti nitric acid 0.5 mL pọ̀. Ẹ kán ìgò kejì yìí sínú àkọ́kọ́ lẹ́kán-lẹ́kán fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ má dẹ́kun ríro rẹ̀, ẹ tún un rò fún wákàtí 2. Acetylacetone ló ń dì titanium mú kí omi má baà bá a jà lójijì. Bí sol náà bá funfun bí omi ògì, ó ti bàjẹ́ tán, ẹ dà á nù. Etánọ́ọ̀lù tó lómi nínú, tàbí ọwọ́ tó sáré jù nídìí ìkán, ló sábà máa ń fà á. Bó bá wà gaara, ẹ fi P25 2 g sí i, kí ẹ rò ó fún wákàtí kan kó tó di lílò.

Ẹ tún fi téèpù bo ẹ̀yìn àwo. Ẹ dojú rẹ̀ kọ sol náà fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ gbé e kúrò jẹ́jẹ́, ẹ gbẹ ẹ́ fún wákàtí kan, ẹ yọ téèpù, ẹ fi í sí 100°C fún wákàtí kan, kí ẹ wá sun ún dé 500°C ní 2°C ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún wákàtí kan. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́ta. Ìpele mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ: èyí tó nípọn á sán, á sì ṣí kúrò.

Ẹ má kọjá 500°C lọ títí. Bí ooru bá ti ju 600°C lọ, anatase á bẹ̀rẹ̀ sí í di rutile, agbára rẹ̀ á sì wálẹ̀. Bí ẹ kò bá sì dé 400°C, anatase kò ní tíì dúró dáadáa, ẹ̀yà etánọ́ọ̀lù àti acetylacetone á ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìdánwò mẹ́ta

Ti ihò ni àkọ́kọ́. Ẹ rẹ àwo sínú omi, ẹ dè é mọ́ ilé ìdánwò pẹ̀lú àwo irin oníhò tó gbé e ró, kí omi bo ojú rẹ̀, kí ẹ sì ti afẹ́fẹ́ láti abẹ́. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọkanáísà lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá fi régúlétọ̀ àti géèjì sí i, kí ẹ má sì kọjá 4 bar. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ìfúnpá tí ìgbàrá àkọ́kọ́, ìyẹn ìhó afẹ́fẹ́ tó ń yọ nínú omi, fi jáde, ní kPa, pín 288. Ohun tó bá jáde ni ihò tó tóbi jù, ní µm. Ìgbàrá ní 144 kPa jẹ́ ihò 2 µm. 288 kPa jẹ́ 1 µm. Bí ìgbàrá bá ń jáde láti ojú kan ṣoṣo ní ìfúnpá kékeré, ẹ̀là ló wà níbẹ̀, àwo náà kò ṣeé lò fún omi mímu. Àwo tó bá dúró dé 290 kPa láìsí ìgbàrá ni ẹ mú.

Èkejì, ìwọ̀n omi tó ń kọjá. Bí òrùka tó di etí àwo mú bá fi 40 mm sílẹ̀ fún omi, ojú iṣẹ́ àwo jẹ́ 12.57 cm². Bí 100 mL bá kọjá ní ìṣẹ́jú 10, ó jẹ́ 477 lítà lórí mítà onígun mẹ́rin ní wákàtí kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfúnpá tí ẹ lò, torí nọ́ńbà yìí ni ẹ ó máa fi wé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 300, àwo 20 á fún yín ní bíi lítà 7.5 ní wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta ni ti oòrùn. Ẹ po methylene blue, àwọ̀ búlúù kan, 10 mg sínú lítà omi kan, ẹ da 50 mL sínú àwo pẹrẹsẹ mẹ́rin. Nínú méjì, ẹ fi àwo amọ̀ tó ní TiO2. Nínú ọ̀kan, èyí tí kò ní. Ẹ̀kẹrin kò ní nǹkan kan ju omi aláwọ̀ náà lọ. Ẹ fi páálí bo ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sóòrùn láti aago 10 àárọ̀ dé aago 2 ọ̀sán, ẹ máa fi fóònù ya wọ́n lórí bébà funfun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. A kò lè fo àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìfiwéra: amọ̀ máa ń fa àwọ̀ mu láìsí iṣẹ́ TiO2 kankan, oòrùn nìkan náà sì ń pa methylene blue díẹ̀. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan ṣoṣo, tó rí i pé àwọ̀ ti lọ, kò tíì mọ nǹkan kan.

Gíláàsì àti ilé asẹ́

Ẹ tẹ́ àwọn àwo sínú tíréè kan kí ojú TiO2 wo òkè, kí omi tó wà lórí wọn má ju 1 cm lọ. Gíláàsì fèrèsé lásán, 4 mm, ló máa bò ó; ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìtànṣán tí a fẹ́ kọjá. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fi polycarbonate, ike líle tó mọ́ bíi gíláàsì, bò ó torí kì í fọ́. Polycarbonate ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìtànṣán yẹn dúró: ojú á máa rí ìmọ́lẹ̀, TiO2 kò ní rí nǹkan kan. Ẹ dá tíréè náà tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, bíi 7 sí 10 digirí, kí omi lè ṣàn tán nígbà tí ẹ bá ń da á sílẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu gíláàsì láràárọ̀, eruku rẹ̀ ń jẹ ìtànṣán.

Fún alẹ́ tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, LED 365 nm ni kí ẹ wá, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì. Ẹ má wò ó tààrà.

Táǹkì tó ga ní mítà 5 ju asẹ́ lọ á fún yín ní bíi 0.5 bar, ẹ ò nílò pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n omi odò kò gbọdọ̀ wọ asẹ́ yìí ní tààrà. Ẹ fi álọ́ọ̀mù mú ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba yanrìn kọjá, kí ẹ́ tó mú un dé ibí.

Lílò àti fífọ̀

Ẹ sẹ́ omi láti àárọ̀ dé bíi aago 11. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ ti omi mímọ́ láti ẹ̀yìn wá sójú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ìfúnpá rẹ̀ má ju 1 bar lọ, kí ẹ da omi ìdọ̀tí náà nù. Èyí ló ń gbé ẹrẹ̀ kúrò, TiO2 kò ní gbé e. Láti aago 11, ẹ da gbogbo omi sílẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ 1 cm sí ojú àwo, ẹ fi oòrùn sí i fún wákàtí 2. Omi yẹn ṣe pàtàkì: àwo tó gbẹ kò ní fọ ara rẹ̀ dáadáa, torí inú omi àti afẹ́fẹ́ ni èròjà tó ń jó ìdọ̀tí ti ń jáde. Bí ìyọ̀ bá ti pọ̀ jù, hydrogen peroxide 3%, 10 mL sínú lítà omi kan, á mú iṣẹ́ náà yá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìwọ̀n omi tó ń kọjá, ẹ fi wé ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá padà dé 90%, ó dára. Bó bá kéré sí 70%, ohun tó kù kì í ṣe nǹkan tí oòrùn lè jó. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: pupa rúsúrúsú jẹ́ irin, funfun jẹ́ ẹfun. Citric acid 2% fún ìṣẹ́jú 30 ló ń tú méjèèjì. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ìlọ́po méjì omi là ṣe é lò bí kò bá sí, ṣùgbọ́n ẹ sẹ́ ẹ dáadáa kí èèpo rẹ̀ má baà di ìdọ̀tí mìíràn. Ẹ fi omi ṣàn án pátápátá kí Jik tó kàn án: ásíìdì àti Jik bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde.

Ẹ da lítà 5 àkọ́kọ́ tó gba inú asẹ́ tuntun kọjá nù. Fún omi mímu, ìlànà Nàìjíríà ni pé kí E. coli, bakitéríà inú ìgbẹ́, má sí rárá nínú 100 mL, kí ìdàrúdàpọ̀ omi, ìyẹn bí kò ṣe mọ́ gaara tó, má sì ju 5 lọ lórí ìwọ̀n NTU. Ihò 1 µm lè dá ọ̀pọ̀ bakitéríà dúró, kò lè dá fáírọ́ọ̀sì dúró, torí náà kí kúlórínì díẹ̀ ṣì tẹ̀ lé e.

Omi aró Ìtòkú

Àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú lè lò ó láti tún omi ìfọṣọ wọn lò fún fífọ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe fún mímu láé. Omi yẹn ní kọ́sítíìkì, ní háídírò (sodium hydrosulphite, kẹ́míkà tó ń tú aró), àwọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Aró tí háídírò bá ti tú, omi ọbẹdò ni, ó ń yọ́ gba inú ihò kọjá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bù ú dà, bù ú dà nínú afẹ́fẹ́ títí ọbẹdò á fi tán tó sì di búlúù. Búlúù yẹn kò yọ́ mọ́ nínú omi, asẹ́ lè mú un. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fi ásíìdì díẹ̀ mú pH rẹ̀ wálẹ̀ sí 7 tàbí 8, ní gbangba. Bí ẹ bá fi ásíìdì sí i nígbà tí háídírò ṣì wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sulphur á jáde, ó sì ń fún èèyàn lọ́fun. Ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù ni kí asẹ́ bá lò. Kọ́sítíìkì tí a kò bá dín kù á máa jẹ silica inú amọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìpele ojú á fi máa ṣí.

Àwo tó bá ti fọ́ tàbí tó ti dí kọjá àtúnṣe, ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́ gba inú ajọ̀ 75 µm, kí ẹ fi 15 g rẹ̀ rọ́pò kaolin 15 g nínú àpòpọ̀ tuntun. Amọ̀ tó ti jóná rí kì í sún kì mọ́, á sì dín ẹ̀là kù nínú àwọn tuntun.